Àwọn Aláǹtakùn Yàrá Kẹta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

A wọ inú ihò àpáta lónìí, èmi àti Lẹ́ńsì tí a jọ ń ṣọ́ àwọn aláǹtakùn ibẹ̀. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, àmọ́ omi ń kán láti òkè bó ti máa ń kán. Nínú Yàrá Kẹta, lẹ́yìn omi tín-ín-rín tó ṣàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, mẹ́jọ péré la rí. Nígbà tó dùn, a máa ń kà wọ́n títí yóò fi sú wa. Abo ni méje nínú wọn. Akọ kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán gangan, àwọn afọ́kútà yin àdó olóró tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkè. Ilẹ̀ mì. Gbogbo aláǹtakùn já bọ́ lójú okùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rọ̀ dirodiro bí ẹni tó fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka igi mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gòkè padà.

Aláǹtakùn yìí kò ní ojú tó wúlò. Okùn rẹ̀ ni ojú rẹ̀, òun náà ni etí rẹ̀. Bí ìrẹ̀ bá bọ́ sórí rẹ̀, yóò mọ̀. Bí akọ bá ń wá aya, yóò fi ẹsẹ̀ ta okùn náà jẹ́jẹ́ láti òkèèrè, kí abo lè mọ̀ pé ọkọ ló dé, kì í ṣe oúnjẹ. Ní báyìí tí ilé ń mì lójoojúmọ́, abo kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Mo rí ìrẹ̀ kan tó kú sórí okùn, tí onílé jókòó tì í, tí ebi ti sọ ikùn òun náà di pẹlẹbẹ. Kò gba ohun tí okùn ń sọ gbọ́ mọ́.

Lẹ́ńsì wò ó títí. Nítorí dígí tó máa ń so mọ́ ọrùn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí kì í fi í wò, títí kan ẹja inú àwo rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Aláǹtakùn, ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.”

Mo ní kó yé fi irú ìyẹn ṣàwàdà. Ó ní kì í ṣe àwàdà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìpàdé láti àárọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ yóò dé láàárín oṣù karùn-ún. Bí wọ́n bá bá aláǹtakùn nínú ihò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òkè náà. Bí wọn ò bá bá a, ti àwọn afọ́kútà ni.

Ọ̀gá wa bèèrè pé ṣé ká kó wọn jáde kí àdó má baà pa wọ́n tán. Lẹ́ńsì ní, “Tí a bá kó wọn jáde, àwa fúnra wa la gbé àpáta fún àwọn afọ́kútà nìyẹn.” Ọ̀gá ní, “Tí a bá fi wọ́n síbẹ̀ ńkọ́?”

A wá fi ọ̀rọ̀ náà sí agbedeméjì, bí a ti máa ń ṣe: ká kó abo méjì àti akọ jáde, ká fi abo márùn-ún tó kù sílé. Mo nawọ́ sókè pẹ̀lú àwọn yòókù. Ojú títì ni ọ́fíìsì wa wà, ọkọ̀ ẹrù ń já àpò àlùbọ́sà sílẹ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀, ilẹ̀ ń mì. Mo ní kí wọ́n kó wọn wá sí ilé wa. Yàrá ẹ̀yìn kò ní fèrèsé, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù.

Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

“Kí ló wà nínú àpótí yẹn?”

“Aláǹtakùn ni, Màmá.”

“Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kọ́ ilé yìí ni mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé aláǹtakùn jáde, ìwọ lo wá ń fi àpótí gbé wọn wọlé?”

“Irú èyí kò sí níbòmíràn láyé, Màmá. Inú àpáta yẹn nìkan ló wà.”

“Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oyin ni wọ́n wí o. Mi ò gbọ́ aláǹtakùn níbẹ̀.”

Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá náà, ó ń ráhùn, ó ń kó o.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀pá Màmá ni ìṣòro wa báyìí. Bó bá ti ń fi í kan ilẹ̀ bọ̀ ní kọ̀rọ̀, kó, kó, kó, abo méjèèjì á ká ẹsẹ̀ wọn kò bí ẹni tí òtútù mú. Mo gé táyà kẹ̀kẹ́, mo fi wé ìdí ọ̀pá náà. Mo gbé àwọn àpótí lé orí àpò yanrìn, mo tún fi rọ́bà sí abẹ́ àpò.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, “Oyún rẹ dà mí láàmú débi pé mi ò lè dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé èmi lé rọ́bà.”

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Àkọ́rọ̀ òjò. Bátìrì tún ti gbówó lórí. Nínú ihò, bí a bá ń sinmi, a máa ń pa iná orí wa, a ó sì máa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Mo rò ó lónìí pé àwa tí a ń bẹ̀rù òkùnkùn la ń bá ẹni tí ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà ṣọ́lé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ bá ẹnjiníà àwọn afọ́kútà. Eruku funfun bo tábìlì rẹ̀, ó bo fìlà irin tó kọ́ sára ògiri, ó bo ìpéǹpéjú òun náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ló dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń múra ìjà sílẹ̀ dè é.

“Màdáàmù, ẹ má bínú o, báwo ló ṣe tóbi tó gan-an?”

Mo na àtàǹpàkò mi, mo fi èékánná rẹ̀ hàn án.

“Nítorí ẹni tí kò ju èyí lọ ni kí n ṣe dá gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn dúró?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì péré, sà. Ìgbà tí wọ́n ń gùn nìyí.”

Ó wo èékánná mi títí ó fi ń tì mí lójú. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, òun lè jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe nísinsìnyí. Bí mo ṣe ń jáde, ó ní, “Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lójú àánú. Wọ́n á dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́.”

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀sán dé, ọ̀sán lọ, kò sí ohun tó mì. Ìró yẹn ti mọ́ mi lára débi pé mo dúró dè é.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Abo kìíní jẹun! Ìrẹ̀ bọ́ sórí okùn, ó dúró, ó dúró, ó sì rìn lọ bá a. Mo pariwo. Màmá sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Mo ní, “Ó jẹun, Màmá.” Ó ní, “Ìwọ náà ti jẹun?” Mi ò tíì jẹun.

Lẹ́ńsì náà ránṣẹ́ láti inú ihò pé méjì nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń jẹ.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá wa ti gbọ́ pé ihò dákẹ́, ó sì ti ké sí gbogbo ẹni tó mọ̀. Ayàwòrán wá, àwọn olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga wá, àwọn méjì tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ rán wá wò ó náà wá. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn aláǹtakùn. Èmi náà ló mú wọn wọlé, inú mi sì dùn pé a pọ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni omi ẹnu ọ̀nà Yàrá Kẹta. Bí ẹsẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí bá rú u, ẹrẹ̀ yóò bo ohun tí àwọn ìrẹ̀ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé pákó kan dábùú rẹ̀. Lẹ́ńsì fi omi gbígbóná fọ pákó náà, ó tún un fọ̀, kó má baà gbé ìdọ̀tí kankan wọlé. A pààrọ̀ bàtà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ra tó báyìí rí, orí wa wú.

A fi pákó náà sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń bọ̀ lọ́la.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Ìjàlọ sá fún òjò wọ inú ihò, wọ́n sì gba orí pákó kọjá.

Nígbà tí a débẹ̀, ìlà dúdú kan ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí igi tí a fọ̀ mọ́. Abo márààrún ni wọ́n jẹ. Wọn ò ṣẹ́ ẹsẹ̀ kan kù. Okùn wọn ló kù, kò já rárá, àfi bíi pé onílé jáde lọ, kò ní pẹ́ dé.

Lẹ́ńsì jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fa pákó náà kúrò, àwọn ìjàlọ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, wọn ò rí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbá ti rí fún gbogbo wọn. Láti ìgbà tí a kò lè mọ̀ ni omi yẹn ti ń ṣe ìlẹ̀kùn ilé wọn. Àwa la ṣí i, kí ẹsẹ̀ wa má baà dọ̀tí.

Ọ̀gá ní ká má jẹ́ kó dé ìta ná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Mi ò lè sùn. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ẹ̀dá tó kú tán, mo sì máa ń rò pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n, tàbí àìbìkítà. Mi ò kà á níbì kankan pé ìṣọ́ra lè ṣe é. Bóyá kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ìyẹn sínú ìwé.

Ìbéèrè mìíràn tún wà tí mo ń sá fún. Ṣé aláǹtakùn ni mo fẹ́ràn, àbí mo fẹ́ràn láti jẹ́ ẹni tó ṣọ́ ọ? Àwọn tí mo ń ṣọ́ kò mọ̀ mí. Bí mo bá kú lọ́la, bí ìmì ọ̀pá Màmá ṣe máa ń lọ lórí okùn wọn ni èmi náà yóò ṣe lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

A fi akọ sí ọ̀dọ̀ abo kejì. Ó dúró ní igun, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ta okùn. Ó dúró. Ó tún ta á. Abo kò mira. Lẹ́ńsì di ọwọ́ mi mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú. Ọ̀sán ti ń lọ kí abo tó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ta okùn padà, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ó ṣẹlẹ̀. A rí i. Lẹ́ńsì sunkún, ó ní eruku ni. Kò sí eruku nínú yàrá yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Akọ kú. Kò sí ohun tó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ni, mo rò.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀rọ wọn ti gbádùn. Àdó dún ní ọ̀sán. Nínú yàrá ẹ̀yìn níhìn-ín, omi inú abọ́ gbọ̀n rìrì. Abo kìíní já bọ́.

Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Abo kìíní ti kú láti àná. Ìrẹ̀ mẹ́ta ló wà láàyè nínú àpótí rẹ̀, wọ́n ń fò kiri.

Àmọ́ abo kejì ti yé. Àpò ẹyin náà funfun, ó rí roboto, kò tó ẹ̀wà kan. Ó so ó kọ́, ó sì jókòó tì í. Mo sọ fún Màmá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé láìfi ọ̀pá tilẹ̀, ó di èjìká mi mú.

“Òun nìkan ló kù?”

“Òun nìkan.”

“Opó nìyẹn.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. “Ẹ kú ewu o. Ẹ rọra ṣe é.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Lẹ́ńsì wá sílé wa, kò tilẹ̀ jókòó.

“Jẹ́ ká gbé e padà sínú ihò ní kùtù. Wákàtí kan péré. Wọ́n á bá a níbẹ̀ tòun tẹyin, ọ̀rọ̀ parí.”

“Tí a bá mì í lójú ọ̀nà, yóò jẹ ẹyin rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Tí àpáta bá lọ, inú kí lo fẹ́ kó ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin sí?”

“Tí ẹyin bá lọ, ta lo fẹ́ pa àpáta mọ́ fún?”

“Fún èyí tí a ò tíì rí! Ihò yẹn jìn, ta ló mọ̀ bóyá…”

“Ọdún mélòó la ti ń wá wọn?”

“Olódodo!” Bó ṣe pè mí nìyẹn, bí ẹni tó ń bú èèyàn. “Ìwọ fẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́, bíi pákó yẹn.”

Màmá ké láti ìta: “Ẹ rọra máa jà o, ẹ̀ ń mi abiyamọ.”

Lẹ́ńsì lọ. Mo jókòó, mo wò ó bóyá òótọ́ ló sọ. Òótọ́ ni, lápá kan. Irọ́ kékeré kan lè gba òkè ńlá kan là. Kí ni mo fẹ́ fi òótọ́ mi ṣe? Mo kàn mọ̀ pé mi ò ní gbé àpótí yẹn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Obìnrin tó jẹ́ alága wọn bá wa dé Yàrá Kẹta, òun fúnra rẹ̀, nínú omi. Ó tan iná sí orí àwọn okùn òfo. Ó ní, “Ṣé wọ́n wà níbí?”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Lẹ́ńsì wo èmi.

Mo ní, “Wọn ò sí mọ́, mà. Ẹyọ kan ló kù, ilé ìyá mi ló wà.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún wa.”

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi kò kùtà. Wọ́n rà á lójú ẹsẹ̀, òkè sì di ti àwọn afọ́kútà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Lẹ́ńsì kì í kí mi ní ọ́fíìsì. Òjò lójoojúmọ́.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹnjiníà wá sílé wa lónìí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ó ní òun fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan. Mo tan iná pupa kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dá èémí dúró.

“Ó kéré sí èékánná yín.”

“Kò jẹun dáadáa.”

Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni, àdó ńlá ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bèèrè bóyá a lè gbé wọn lọ síbi tó jìnnà lọ́jọ́ náà. Mo ní ìrìn yẹn gan-an ni yóò pa wọ́n. Ó ní, “Màdáàmù, tí kì í bá ṣe èmi, ẹlòmíràn ni.” Mo ní mo mọ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, pé mo mọ̀, mi ò sì rí ẹni tí n bá bínú.

Màmá gbé omi fún un. Ó ní, “Mu ún, ọmọ mi. Ó rẹ ìwọ náà.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Lẹ́ńsì wá. Ó wọlé, ó lọ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Màmá náà jókòó. Àwa mẹ́ta gbé ọwọ́ lé àpò yanrìn bí ẹni tó fẹ́ di ilé mú kó má wó.

Ìró náà kò pọ̀ bí mo ṣe rò. Ilẹ̀ ló ń mì, ó ń mì, kò tètè dúró. Eruku bọ́ láti òkè àjà. Aláǹtakùn náà kò já bọ́. Ó fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá àpò ẹyin mọ́ra, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ńsì ní, “Yàrá Kẹta nìyẹn.”



Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àwọn afọ́kútà ti kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè mìíràn tó jìnnà. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ti dé, nítorí kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti fọ́.

Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Wọ́n ti jáde! Mọ́kàndínlógún. Wọ́n funfun débi pé a ń rí inú wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mẹ́sàn-án. A ò mọ ohun tí wọ́n máa ń jẹ lọ́mọdé. Nínú ihò là bá ti mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mẹ́rin. Ìyá wọn ti kú. Lẹ́ńsì ń sùn sí ilé wa, ó ń fi dígí rẹ̀ ka ẹsẹ̀ wọn, ó ní kò sí èyí tó dín.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mẹ́rin ṣì ni. Ọ̀kan ta okùn kan láti igun dé igun. Kò gún.

Lọ́sàn-án, Màmá wọlé wá, ó jókòó lórí àga tí ó ti sọ di tirẹ̀ nínú yàrá náà.

“Tí wọ́n bá dàgbà, ibo lẹ máa kó wọn lọ?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Kò síbì kankan.”

“Ìyẹn ni pé ilé wọn nìyí.”

“Ilé wọn nìyí.”

“Títí di ìgbà wo?”

Mo wo Lẹ́ńsì. Kò gbé dígí kúrò lójú. Mo ní, “Níwọ̀n ìgbà tí yàrá bá ṣì dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ yìí, tí ẹni tó ni ín bá ṣì gbà fún wa.”

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí,” ó ní, “ẹ ò rí onílé mìíràn wá fún wọn, àfi ẹni tó ti di ẹsẹ̀ kan láyé, ẹsẹ̀ kan lọ́run.”